Bí a ṣe gba àṣẹ fẹ́ǹsì ẹsẹ̀ bàtà 8

Ẹ̀yìnkùlé wa rẹlẹ̀ ju títì lọ. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀ nìyẹn, torí òun ló gba àṣẹ yẹn fún wa. Ẹ̀bẹ̀ kọ́, ojúsàájú sì kọ́.

Ilé kọ́nà ni. Títì kan gba iwájú, èkejì gba ẹ̀gbẹ́. Èyí tó gba ẹ̀gbẹ́ ń gòkè díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń lọ sápá ẹ̀yìn, nígbà tí ilẹ̀ tiwa ń dà sísàlẹ̀ lọ ní tiẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi máa dé ìparí àgbàlá, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó wà létí títì ti fi ẹsẹ̀ bàtà 3 ga ju ibi tá a tẹ́ àga sí. Fẹ́ǹsì onípákó tá a bá níbẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 6 géérégé bí òfin ṣe wí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró lójú ọ̀nà, ìbàdí ló dé fún un. Ó ń wo aṣọ tá a sá, ó ń wo abọ́ tó wà lórí tábìlì, fèrèsé yàrá wa sì wà níwájú rẹ̀ gbangba. Lálẹ́, mọ́tò tó bá ń bọ̀ láti òkè á tan iná gba orí fẹ́ǹsì wọlé, bí ẹni ń fi tọ́ọ̀ṣì wá olè.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe jù, ọ̀sán sì ni oorun tèmi. Bí àwọn ọmọ iléèwé bá ń kọjá, tí wọ́n ń bá ajá wa ṣeré lókè fẹ́ǹsì, tí ajá náà ń gbó wọn, kí ni mo fẹ́ sùn?

Òfin ìlú tá à ń gbé ní Amẹ́ríkà níbí kò ṣòroó kà. Fẹ́ǹsì ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ ilé kò gbọdọ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 6 lọ, ti iwájú kò gbọdọ̀ ju 4 lọ. Níbi tí títì méjì ti pàdé, wọ́n fa ilà onígun mẹ́ta kan tí ohunkóhun kò gbọdọ̀ ga ju ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ nínú rẹ̀, kí awakọ̀ lè rí ẹni tó ń bọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Amẹ́ríkà, nọ́ńbà tẹ́ ẹ máa bá kò jìnnà sí èyí. Àbúrò mi tó wà ní Ìlú Ọba sọ fún mi pé mítà 2 ni tiwọn lọ́hùn-ún, àti mítà 1 péré tó bá jẹ́ etí títì tí mọ́tò ń gbà. Ohun tó bá ju ìyẹn lọ, kéèyàn lọ gbàṣẹ. Nítorí náà, kì í ṣe àwa nìkan.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló dá mi lóhùn lẹ́nu kàǹtà ọ́fíìsì ètò ìlú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé iṣẹ́ alẹ́ àti oorun ọ̀sán fún un. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi tán.

“Ìyáàfin, tẹ́ ẹ bá ta ilé yìí lọ́dún tó ń bọ̀, ṣé ẹ máa hú fẹ́ǹsì náà lọ ni?”

“Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?”

“Ẹ wò ó. Ẹni tó bá rà á lè jẹ́ tíṣà tó ń sùn lóru bíi ti gbogbo ayé. Àṣẹ tẹ́ ẹ̀ ń wá yìí kò ní bá yín lọ, ilẹ̀ ló máa jogún rẹ̀. Ẹ má sọ irú ẹni tẹ́ ẹ jẹ́ fún ìgbìmọ̀ tó máa gbọ́ ẹ̀bẹ̀ yín. Irú ilẹ̀ tẹ́ ẹ ní ni kẹ́ ẹ sọ.”

N kò mọ̀ bóyá òun fúnra rẹ̀ mọ iṣẹ́ tó bá mi ṣe lọ́jọ́ náà. Gbogbo fọ́ọ̀mù tí mo kọ lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi kọ ọ́. Variance ni orúkọ àṣẹ náà. Ìlú kò yí òfin padà, kò sì gbà pé òfin burú. Ó kàn gbà pé lórí ilẹ̀ kan ṣoṣo yìí, béèyàn bá tẹ̀ lé òfin bó ṣe wà, ìnira tí kò yẹ ló máa bá onílẹ̀, nítorí ohun kan tó wà lára ilẹ̀ náà tí kò sí lára ti àwọn yòókù. Tí ìnira náà bá jẹ́ àfọwọ́fà onílẹ̀, bí ẹni tó gbẹ́ ilẹ̀ ara rẹ̀ sísàlẹ̀ tó wá ń sunkún pé ó rẹlẹ̀, wọn kò ní dá a lóhùn. Bó bá sì jẹ́ pé ilẹ̀ gbogbo àdúgbò ló rí bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní kẹ́ ẹ lọ bá àwọn aṣòfin ìlú kí wọ́n yí òfin padà fún gbogbo yín.

Ọ̀rọ̀ ìnira yìí ti pẹ́. New York ṣe òfin ìlò ilẹ̀ tiẹ̀ lọ́dún 1916, àwọn ìlú mìíràn sì ń wò ó ṣe. Láàárín àwọn ọdún 1920, nígbà tí Herbert Hoover jẹ́ mínísítà ètò ìṣòwò Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ rẹ̀ kọ àwòkọ́ṣe òfin kan tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè mú lò. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n tún un tẹ̀ ní 1926. Ọdún yẹn náà ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ẹjọ́ ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Euclid, ní Ohio, pé ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ohun téèyàn lè kọ́ sórí ilẹ̀ ara rẹ̀ àti ibi tó lè kọ́ ọ sí. Nínú àwòkọ́ṣe yẹn ni wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún, pé mẹ́rin nínú wọn gbọ́dọ̀ gbà kí ẹni tó mú ẹ̀bẹ̀ wá tó rí ohun tó ń wá. Ìlú míì ti yí i padà sí mẹ́ta. Tiwa ṣì wà bẹ́ẹ̀. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn sọ́kàn, mò ń padà bọ̀ sórí ẹ̀.

Bàbá àwọn ọmọ kò rí ìdí tí ìjọba fi ń wọn pákó mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Èmi rí i, láti ìgbà tí mo ti ka ìtàn Charles Crocker. Ọ̀kan nínú àwọn olówó tó la ojú irin kọjá Amẹ́ríkà ni. Ní San Francisco, láàárín àwọn ọdún 1870, ó ń ra gbogbo ilé tó yí tiẹ̀ ká lórí òkè tí wọ́n ń pè ní Nob Hill. Nicholas Yung, ọmọ Jámánì kan tó ń ṣètò ìsìnkú, kò tà á ní iye tó dá lé e. Ni Crocker bá mọ fẹ́ǹsì yí ilé ọkùnrin yìí ká lọ́nà mẹ́ta, fẹ́ǹsì tó ga tó ogójì ẹsẹ̀ bàtà. Oòrùn kò wọlé mọ́, atẹ́gùn kò wọlé mọ́. Lónìí, òfin California sọ pé fẹ́ǹsì tó bá ju ẹsẹ̀ bàtà 10 lọ, tí ẹni tó mọ ọ́n fi ẹ̀tanú mọ ọ́n láti fi yọ aládùúgbò lẹ́nu, ẹni tí wọ́n fi ń yọ lẹ́nu lè pe onítọ̀hún lẹ́jọ́. Nígbà tí mo ka ìtàn yẹn fún ọkọ mi tán, ó ní, “Àwa ò ṣáà bá ẹnikẹ́ni jà.” Òótọ́ ni. Àmọ́ ìgbìmọ̀ kò mọ̀ wá rí.

Kí n tó san owó fọ́ọ̀mù, èyí tí wọn kì í dá padà yálà wọ́n gbà tàbí wọ́n kọ̀, mo bi akọ̀wé náà ní ìbéèrè kan tí mo rò pé ó yẹ kí gbogbo onífẹ́ǹsì bèèrè: láti ibo lẹ ti ń wọ̀n ọ́n? Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Níbi tí ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan bá ti ga ju èkejì lọ, àwọn ìlú kan ń wọn fẹ́ǹsì láti ẹ̀gbẹ́ tó ga, àwọn kan láti ẹ̀gbẹ́ tó rẹlẹ̀, àwọn mìíràn ń pín in sí méjì. Ká ní ẹ̀gbẹ́ tó ga ni tiwa ni, fẹ́ǹsì ẹsẹ̀ bàtà 6 láti ojú ọ̀nà, tó jẹ́ 9 nínú àgbàlá, ìbá bófin mu láìsí variance kankan. Ẹ̀gbẹ́ tó rẹlẹ̀ ni tiwa. Ẹ má sì rò pé ẹ lè kó yẹ̀pẹ̀ jọ kẹ́ ẹ wá ri òpó lé e lórí; ojú ilẹ̀ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń wò.

A pe sọ́fèyọ̀. Òun ló fi irinṣẹ́ wọn ìyàtọ̀ tó wà láàárín ojú ọ̀nà àti ilẹ̀ wa láti kọ́nà títí dé ẹ̀yìn, tó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sórí ìwé sọ́fè ní gbogbo ẹsẹ̀ bàtà 10. Ní kọ́nà, kò sí ìyàtọ̀ rárá. Ní ẹ̀yìn pátápátá, ẹsẹ̀ bàtà 3 ó lé díẹ̀. Mo wá ya àwòrán kan sábẹ́ rẹ̀, bí ẹni gé ilẹ̀ láàárín tó ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́: èèyàn dúró lójú ọ̀nà, mo fa ilà láti ojú rẹ̀ kọjá orí fẹ́ǹsì lọ sí fèrèsé. Fẹ́ǹsì 6, ilà náà wọlé. Fẹ́ǹsì 8, orí fẹ́ǹsì ló ti dúró. Ọkọ mi fẹ́ ká béèrè 9. Mo kọ̀ jálẹ̀, torí wọ́n máa bi wá pé kí ni ó kéré jù tó lè tán ìṣòro náà, 8 sì ni àwòrán sọ. Tí ọ̀kan nínú wọn bá fi rúlà wọ̀n ọ́n tó rí i pé a bu ẹsẹ̀ kan lé e, gbogbo ohun tá a bá sọ yòókù kò ní wọ̀ wọ́n létí mọ́.

Ọkọ mi náà ló ní ká ya fọ́tò àwọn fẹ́ǹsì gíga tó wà ládùúgbò, ká fi hàn wọ́n pé àwọn èèyàn ń ṣe é. Mo ní kó fi fóònù rẹ̀ sápò. Ìgbìmọ̀ ń dá ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ ni. Tí fẹ́ǹsì tó wà nínú fọ́tò yẹn kò bá sì gbàṣẹ, ẹni tó ni ín ni a fi ọwọ́ ara wa lọ fi sùn yẹn, òun ni yóò sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa títí a ó fi kó kúrò níbẹ̀.

Wọ́n ri pátákó ìkéde síwájú ilé wa, wọ́n sì fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí gbogbo onílé tó yí wa ká. Mi ò dúró kí lẹ́tà ìjọba dé kí n tó kan ìlẹ̀kùn wọn. Obìnrin tó wà lẹ́yìn wa ní òun kò rí ohun tó burú, ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi. Bàbá àgbà tó wà ní òdìkejì títì ní tiẹ̀ kò fẹ́ ẹ rárá. Mo rò pé gíga rẹ̀ ni, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní òun máa ń fi ẹ̀yìn mọ́tò jáde láàárọ̀, àwọn ọmọdé sì máa ń sáré gba kọ́nà yẹn lórí kẹ̀kẹ́. Tí òun kò bá rí wọn ńkọ́? Mo tẹ́ ìwé sórí tábìlì rẹ̀, mo fi hàn án pé ní kọ́nà, níbi tí ilẹ̀ ti dọ́gba, a kò béèrè ohunkóhun. Kódà a fẹ́ gé fẹ́ǹsì tó wà níbẹ̀ wálẹ̀ sí 3 kó lè bá òfin onígun mẹ́ta yẹn mu. Ó fi ìka tọ ilà náà lọ, ó ní, “Ẹ kọ ìyẹn sínú ẹ̀bẹ̀ yín.” A kọ ọ́. Ó fúnra rẹ̀ wá sí ìjókòó ìgbìmọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n wá ilé ọ̀kan nínú ọmọ ìgbìmọ̀ lọ, kí n lọ kí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Bí adájọ́ ni wọ́n ṣe jókòó; ohun tí wọn kò bá gbọ́ ní gbangba, níwájú gbogbo èèyàn, wọn kò gbọdọ̀ fi dájọ́. Ẹni tó bá lọ bá wọn ní kọ̀rọ̀ lè mú kí ẹni tó fẹ́ gbè é dìde kúrò lórí ọ̀rọ̀ náà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ìjókòó, ẹni mẹ́rin ló wà lórí àga. Ẹ ti rántí nọ́ńbà yẹn? Àga karùn-ún ṣófo, ó sì túmọ̀ sí pé gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ni yóò gbà, láì yọ ẹnì kan sílẹ̀. Alága fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún wa: “Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti ní ká sún un síwájú títí a ó fi pé. A kò ní bínú.” Ọkọ mi wojú mi. Mo wo ìwé tó wà lọ́wọ́ mi. Ohun tó wà níbẹ̀, nọ́ńbà sọ́fèyọ̀ ni. Kò ní yí padà lóṣù tó ń bọ̀, ẹni karùn-ún yẹn sì lè jẹ́ ẹni tí kò fẹ́ràn fẹ́ǹsì láyé ẹ̀. Mo ní ká máa bá a lọ.

Wọ́n fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Mi ò dárúkọ oorun, mi ò dárúkọ ilé ìwòsàn, mi ò sọ pé èèyàn dáadáa ni wá. Ilẹ̀ nìkan ni mo sọ. Obìnrin kan lápá òsì ló bi mí ní ìbéèrè jù. Kí ló dé tí ẹ kò gbin igi? Ìbéèrè gidi ni, torí òfin gíga fẹ́ǹsì ìlú wa kò kan ewéko. Mo fi igi óákù ńlá tí ìlú gbìn sétí títì hàn án nínú fọ́tò: òjìji rẹ̀ bo gbogbo ibẹ̀ mọ́lẹ̀, koríko pàápàá kò hù dáadáa lábẹ́ rẹ̀. Ó bi mí bóyá ẹsẹ̀ bàtà 2 tí mo fẹ́ fi kún un lè jẹ́ pákó oníhò tí atẹ́gùn lè gbà kọjá. Mo ní mo lè ṣe é, ṣùgbọ́n ibi tí ojú àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ti ń wọlé gan-an ni ẹsẹ̀ méjì yẹn wà. Ó kọ nǹkan sílẹ̀. Bàbá òdìkejì títì dìde, ó ní òun wá nítorí kọ́nà, wọ́n sì ti ṣe ohun tí òun fẹ́ sí i, ó jókòó.

Wọ́n dìbò. Ẹni kìíní gbà, ẹni kejì gbà, alága gbà. Obìnrin yẹn ṣí ìwé sọ́fè wa padà, ó ń fi bírò ka nọ́ńbà ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní òun kò ní fọwọ́ sí 8 fún gbogbo ẹ̀gbẹ́ náà. Ibi tí ìyàtọ̀ ilẹ̀ bá ti tó ẹsẹ̀ bàtà 2 lọ sẹ́yìn nìkan ni òun lè fọwọ́ sí. Láti ibẹ̀ dé ibi onígun mẹ́ta, 6 bí òfin ṣe wí. Nínú onígun mẹ́ta, 3. Ṣé a gbà bẹ́ẹ̀? A gbà. Àwọn mẹ́ta yòókù gbà á wọlé. Kí n sọ tòótọ́, ìpinnu rẹ̀ dára ju ohun tí a béèrè lọ: ó tẹ̀ lé ilẹ̀ ju àwa fúnra wa lọ.

Lẹ́yìn náà, iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Àṣẹ ìgbìmọ̀ yàtọ̀ sí ìwé àṣẹ ìkọ́lé. Ìwé òfin ìkọ́lé ilé gbígbé tí ọ̀pọ̀ ìlú Amẹ́ríkà ń lò kò béèrè ìwé àṣẹ fún fẹ́ǹsì tí kò bá ju ẹsẹ̀ bàtà 7 lọ. Tiwa ti kọjá ibẹ̀, nítorí náà wọ́n fẹ́ rí ìṣirò ẹ́ńjíníà. Ó sì nídìí. Fẹ́ǹsì ẹsẹ̀ bàtà 8 tí kò ní ihò ń gba atẹ́gùn ju ti 6 lọ, atẹ́gùn ọ̀hún sì tún ń tì í láti ibi tó ga jù. Tẹ́ ẹ bá pa méjèèjì pọ̀, agbára tó fẹ́ wó òpó láti ìdí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Òpó onírin ni wọ́n ní ká lò dípò ti igi, kí ihò rẹ̀ jìn sí i, kí kọnkéré ìdí rẹ̀ sì fẹ̀ sí i. Ká tó gbẹ́lẹ̀, a pe 811, nọ́ńbà téèyàn ń pè kí wọ́n lè wá fi ibi tí wáyà àti páìpù gbà lábẹ́ ilẹ̀ hàn án. Ọ̀fẹ́ ni, gbogbo Amẹ́ríkà ló sì ń lò ó láti 2007. Wọ́n wá fi ọ̀dà fa ilà sórí koríko: pupa fún iná mànàmáná, yẹ́lò fún gáàsì, búlúù fún omi, ọsàn fún wáyà tẹlifóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì. Páìpù gáàsì gba ibi tá a fẹ́ ri òpó kan sí gan-an, a sún un.

Kò yẹ kéèyàn fi àṣẹ yìí sùn lọ, ó ní ọjọ́ tó máa kú téèyàn ò bá kọ́ nǹkan kan. Wọ́n ti fi orúkọ ilẹ̀ wa kọ ọ́ sínú ìwé ìjọba, kí ẹni tó bá ra ilé náà lọ́jọ́ iwájú lè rí i níbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ààlà tí wọ́n pa sí i.

Ẹni tó wá yẹ̀ ẹ́ wò níkẹyìn gbé téèpù dání, ó sì wọn òpó dé orí fìlà onígi tí káfíńtà dé sórí wọn. Íńṣì 2 ni fìlà náà fi ga. Ọkọ mi ní ẹ̀ṣọ́ lásán ni. Ọkùnrin náà ní ìwé àṣẹ kò sọ pé “láìka ẹ̀ṣọ́.” Wọ́n tú gbogbo rẹ̀ kúrò. Ọkọ mi ṣì ń sọ pé ó yẹ ká padà lọ béèrè fún fìlà yẹn. Mo ní kó lọ gba fọ́ọ̀mù, kó sì wá ohun tó wà lára ilẹ̀ wa tó ń fẹ́ fìlà.